Kí Ọkọ̀ Oko Má Baà Hó Mọ́ Wa Lọ́wọ́

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn àgbẹ̀, àwọn alájàpá àti àwọn awakọ̀ wọn sọ ní Ìsọlọ̀, lórí pípààrọ̀ rádíétọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ tí ń wọ oko)

Ẹ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ púpọ̀ lẹ́nu wa lórí irúgbìn, ajílẹ̀ àti oògùn kòkòrò. Lónìí, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ la fẹ́ sọ. Ìdí ni pé ohun tí a gbìn tí a sì kórè, bí kò bá tíì dé ọjà, kò tíì di owó. Tòmátì tó sun ojú ọ̀nà fún ọjọ́ méjì, ta ni yóò rà á? Ewédú àti ṣọkọ tí oòrùn pa sórí ọkọ̀ tó kú, oúnjẹ ewúrẹ́ ló dà yẹn.

Ìdí tí a fi ń sọ ọ̀rọ̀ yìí ní agbègbè Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ kò ṣòro. Òṣòdì ni ọ̀nà Agége Motor Road àti títì márosẹ̀ Àpápá ti pàdé, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń kó ẹrù oko wọ Èkó ló sì ń gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ̀gbẹ́ títì yìí kan náà, ní ìhà Múṣin, ni ọjà Ládípọ̀ wà, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, tuntun àti tòkunbọ̀. Nítorí náà, ibi tí ọkọ̀ yín ti máa ń hó gan-an ni wọ́n ti ń ta rádíétọ̀. Ìyẹn dára, ṣùgbọ́n ó léwu fún àpò yín, bí ẹ ó ṣe gbọ́ láìpẹ́.

Ọkọ̀ tí mo ń bá wí ni àwọn alágbára àtijọ́ tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà: Land Rover, títí kan àwọn tí ilé-iṣẹ́ Leyland tò pọ̀ ní Ìbàdàn ní àwọn ọdún 1980, Toyota Land Cruiser, àti Hilux ayé ọjọ́un. Ọ̀pọ̀ wọn ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹrẹ̀ kò dá wọn dúró, òkè kò dá wọn dúró. Ooru ló ń dá wọn dúró.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn àgbẹ̀ kan fún yín. A kò ní dárúkọ rẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ló ń kó wá sí Èkó láti ìhà Oǹdó. Land Rover rẹ̀ kì í gbóná lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n bó bá ti wọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Òṣòdì báyìí, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Wọ́n ní rádíétọ̀ rẹ̀ ti kéré. Ó ra tòkunbọ̀ kan. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, omi tún hó. Wọ́n ní kó ra èyí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó rà á. Omi tún hó. Nígbà kẹta ni àgbà mẹkáníìkì kan ní Ìsọlọ̀ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fi àtàǹpàkò tẹ bẹ́líìtì fánù, bẹ́líìtì sì rì wọlé bí okùn aṣọ sísá. Ó tún bi í pé, "Bàbá, ike tó yí fánù ká dà?" Àwọn tó de rádíétọ̀ àkọ́kọ́ ti yọ ọ́ sọnù nítorí pé ó ń dí wọn lọ́wọ́. Owó rádíétọ̀ méjì ti lọ, bẹ́líìtì kan àti ike kan ni ìṣòro rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé nìyí: ọkọ̀ tó ń gbóná ń ro ẹjọ́ fún yín. Ẹ gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ tán kí ẹ tó dá rádíétọ̀ lẹ́bi. Bó bá sì wá jẹ́ rádíétọ̀ ló jẹ̀bi lóòótọ́, ẹ ra èyí tí ẹni tó wà nítòsí oko yín lè tún ṣe.

IṢẸ́ TÍ RÁDÍÉTỌ̀ Ń ṢE

Epo tí a ń rà lówó gọbọi, kì í ṣe gbogbo agbára rẹ̀ ló ń yí táyà. Ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́ta. Nǹkan bí ìdá kan ló ń ti ọkọ̀ lọ. Nǹkan bí ìdá kan ń bá èéfín jáde. Ìdá kan tó kù, omi ló ń gbé ooru rẹ̀ lọ sínú rádíétọ̀. Pọ́ńpù ń ti omi káàkiri ara ẹ́ńjìnnì. Omi á gba ooru, á wọ inú àwọn ihò tẹ́ẹ́rẹ́ rádíétọ̀. Atẹ́gùn tó ń gba àárín àwọn ìyẹ́ rẹ̀ kọjá á gba ooru náà lára omi, omi á tutù, á tún padà síbi iṣẹ́. Ẹ rí i pé nǹkan mẹ́rin ló ń ṣiṣẹ́ pọ̀: omi, pọ́ńpù, rádíétọ̀ àti atẹ́gùn. Bí ọ̀kan bá fà sẹ́yìn, ọkọ̀ á gbóná. Ṣùgbọ́n rádíétọ̀ nìkan la máa ń bú, torí òun ló ń tu omi lójú wa.

Fìlà rádíétọ̀ náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Omi inú ìkòkò tí a kò dé máa ń hó ní ìwọ̀n ooru 100. Fìlà tí wọ́n kọ 0.9 sí lórí yóò dé omi mọ́lẹ̀ débi pé kò ní hó títí ooru rẹ̀ yóò fi tó nǹkan bí 118. Bí rọ́bà inú fìlà bá ti gbó, omi á hó ṣáájú àsìkò. Fìlà kò wọ́n tó rádíétọ̀, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má fi èyí tó le ju ti ọkọ̀ yín lọ sí i o. Fìlà àwọn ọkọ̀ àtijọ́ mìíràn, 7 tàbí 9 ni wọ́n kọ sí i, páùn ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Bí ẹ bá fi fìlà líle dé ògbólógbòó rádíétọ̀, họ́ọ̀sì tàbí ojú ìjó ni yóò bẹ́.

NÍBO LÓ TI Ń GBÓNÁ?

Kí ẹ tó bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mẹkáníìkì, ẹ bi awakọ̀ yín ní ìbéèrè yìí. Ìdáhùn rẹ̀ ló máa tọ́ka sí ọ̀daràn. Bí ojú àago tó ń fi ooru hàn kò bá ṣiṣẹ́, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

(a) Bó bá ń gbóná nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, tó sì ń tutù bí ẹ bá bọ́ sí títì tó já geere, atẹ́gùn ni kò tó. Nígbà tí ọkọ̀ ń sáré, atẹ́gùn ojú ọ̀nà ń wọ rádíétọ̀ fúnra rẹ̀. Nígbà tó bá dúró, fánù nìkan ló kù. Ẹ wo bẹ́líìtì, ẹ wo abẹ̀bẹ̀ fánù bóyá ó ti ṣẹ́, ẹ wo ike tó yí i ká. Bó bá jẹ́ fánù oníná, ẹ wo wáyà àti fíúsì rẹ̀.

(b) Bó bá jẹ́ pé orí òkè pẹ̀lú ẹrù, bí òkè Ẹ̀fọ̀n, tàbí eré àsápajúdé lórí títì márosẹ̀ ló ti ń gbóná, a lè wá fura sí rádíétọ̀: ó ti dí, tàbí ó kéré. Ẹ tún wo họ́ọ̀sì ìsàlẹ̀. Bó bá ti rọ̀ jù, pọ́ńpù á fà á pọ̀ nígbà eré, omi ò ní ráàyè kọjá.

(d) Bó bá ń gbóná níbi gbogbo, láìpẹ́ lẹ́yìn tí ẹ ṣíná sí i, ẹ wo omi bóyá ó ń jò, ẹ wo pọ́ńpù, ẹ sì wo tẹ́mọ́sítáàtì. Ẹ yọ tẹ́mọ́sítáàtì yìí, ẹ fi okùn so ó, ẹ rì í sínú ìkòkò omi lórí iná. 82 ni wọ́n kọ sí ọ̀pọ̀ nínú wọn lára. Ó gbọ́dọ̀ ti máa ya ẹnu kí omi tó hó. Bí kò bá yanu, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má yọ ọ́ dànù bí àwọn kan ti ń ṣe. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì kan, bí kò bá sí níbẹ̀, omi á gba ọ̀nà àbùjá, kò ní dé inú rádíétọ̀ dáadáa, ọkọ̀ á tún gbóná sí i. Nínú àwọn mìíràn, ẹ́ńjìnnì kò ní móoru tó, á máa mu epo lọ́nà àìtọ́.

(e) Bí omi inú rádíétọ̀ bá ń yọ ìfófòó láìdáwọ́ dúró, bí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì bá funfun bí ògì, tàbí tí èéfín funfun ń tú lẹ́yìn ọkọ̀ tó ti móoru, gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì ti lọ. Kò sí rádíétọ̀ tó lè wo èyí sàn. Ẹ má tíì náwó sí rádíétọ̀ rárá.

Ohun kan tún wà tí a kì í ka sí: koríko. Ọkọ̀ tó ń gba inú igbó máa ń fi imú kó èso koríko, ìyẹ́ ikán àti eruku sínú ìyẹ́ rádíétọ̀. Ẹ fi omi fọ̀ ọ́ láti ìhà ẹ́ńjìnnì síta, kí ìdọ̀tí lè gba ibi tó gbà wọlé jáde. Ẹ má fi omi alágbára fọ̀ ọ́, ìyẹ́ rẹ̀ á dojú dé. Nígbà míì, ìwẹ̀ yìí nìkan ti tó.

BÓ BÁ JẸ́ RÁDÍÉTỌ̀ LÓ JẸ̀BI

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà.

Èkíní ni kí wọ́n ṣí orí èyí tí ẹ ní, kí wọ́n fi irin pẹlẹbẹ tẹ́ẹ́rẹ́ gún ihò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ìpata àti ìpàǹtí jáde, kí wọ́n sì fi òjé jó o padà. Èyí ṣeé ṣe fún rádíétọ̀ àtijọ́ tí wọ́n fi bàbà àti idẹ ṣe. Bí ara rẹ̀ bá ṣì le, ẹ bẹ̀rẹ̀ níbí.

Èkejì ni kí wọ́n fi ikùn tuntun sí i: orí àti ìdí idẹ àtijọ́ yóò wà, ṣùgbọ́n ihò àti ìyẹ́ àárín yóò jẹ́ tuntun. Níbí lẹ ti lè fi agbára kún un. Bí ti tẹ́lẹ̀ bá jẹ́ ìlà ihò méjì, ẹ lè ní kí wọ́n fi onílà mẹ́ta sí i. Ibi tí wọ́n ti ń dè é mọ́ ọkọ̀ kò yí padà, ẹnu họ́ọ̀sì kò yí padà. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ìlà mẹ́ta fi ìdajì ju méjì lọ. Atẹ́gùn tó dé ìlà ẹ̀yìn ti gbóná lára ìlà iwájú. Bákan náà, ikùn tó nípọn fẹ́ fánù tó lágbára. Bí fánù yín bá ń ṣòjòjò, owó ìlà kẹta ti ṣòfò.

Ẹ̀kẹta ni alumíníọ̀mù, tuntun tàbí tòkunbọ̀. Ó fúyẹ́, ihò rẹ̀ sì fẹ̀, èyí tí wọ́n bá ṣe dáadáa máa ń tutù gan-an. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ló ní orí ike. Bí ike bá sán ní abúlé, òjé kò lè jó o. Omi oníyọ̀ sì tètè ń jẹ alumíníọ̀mù.

Ìmọ̀ràn tiwa rèé. Bí ọkọ̀ yín bá jẹ́ ti ìgboro, alumíníọ̀mù dára. Ṣùgbọ́n fún Land Rover tàbí Land Cruiser àtijọ́ tó ń sun oko, ẹ fara mọ́ bàbà àti idẹ, kí ẹ sì fi ikùn onílà mẹ́ta sí i bí fánù bá lágbára tó. Ọjọ́ tí ẹ̀ka igi bá gún un ní ìdajì ọ̀nà, alájòó tó wà ní ìlú kékeré tó súnmọ́ oko yín yóò lè dí i, ẹrù yín á sì dé ọjà.

BÍ Ẹ BÁ DÉ ỌJÀ LÁDÍPỌ̀

1. Ẹ gbé rádíétọ̀ yín àtijọ́ dání. Ẹ má fẹnu júwe rẹ̀. Ẹ wọn gígùn, ìbú àti ìnípọn. Ẹ wo ẹnu họ́ọ̀sì méjèèjì: ìwọ̀n wọn àti apá tí wọ́n kọjú sí.

2. Ẹ yẹ inú ẹnu rẹ̀ wò pẹ̀lú iná tọ́ọ̀ṣì. Bí ìpàǹtí funfun tàbí ìpata bá wà níbẹ̀, àwọn ihò ìsàlẹ̀ ti dí. Bí ẹ bá rí méjì tó jọra, tí ọ̀kan sì wúwo jù, ẹ fi èyí tó wúwo sílẹ̀. Ìdọ̀tí lẹ fẹ́ rà yẹn.

3. Ẹ fi àtàǹpàkò ra ìyẹ́ rẹ̀ díẹ̀. Bó bá ń rún bí iyẹ̀fun, ọjọ́ rẹ̀ ti pé.

4. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n dí ẹnu rẹ̀, kí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn díẹ̀ sí i, kí wọ́n rì í sínú omi, bí fọkanáísà ti ń wá ojú ibi tí túùbù ti jò. Atẹ́gùn yẹn kò gbọ́dọ̀ ju ìwọ̀n tó wà lórí fìlà lọ. Bí ìfófòó bá yọ, ẹ máa lọ.

5. Ọ̀dà dúdú tuntun lórí tòkunbọ̀ kì í ṣe ẹ̀rí. Ọ̀dà lè bo ojú ìjó mẹ́wàá.

6. Ẹ bá olùtajà ṣe àdéhùn pé ẹ lè pààrọ̀ rẹ̀ bí kò bá wọlé, kí ẹ sì gba rìsíìtì tó ní nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù.

NÍGBÀ TÍ WỌ́N BÁ Ń DÈ É

Ẹ dúró tì wọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Rọ́bà gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ rádíétọ̀ àti níbi tí bóòtù ti mú un. Ọ̀nà oko ń gbọn ọkọ̀ jìgìjìgì. Bí irin bá di irin mú láìsí rọ́bà, ojú ìjó yóò sán. Fánù kò gbọ́dọ̀ súnmọ́ ọn débi pé yóò kàn án nígbà tí ẹ bá já sí kòtò. Ike tó yí fánù ká gbọ́dọ̀ padà síbi tó wà. Bí àlàfo bá wà ní ẹ̀gbẹ́ rádíétọ̀ tuntun, ẹ fi rọ́bà tàbí fóòmù dí i, torí atẹ́gùn fẹ́ràn ọ̀nà tó rọrùn: àlàfo ni yóò gbà, kò ní gba inú ìyẹ́ kọjá. Ẹ pààrọ̀ họ́ọ̀sì, kílíìpù àti bẹ́líìtì lẹ́ẹ̀kan náà. Rádíétọ̀ tuntun pẹ̀lú họ́ọ̀sì ògbólógbòó dà bí ọtí tuntun nínú agbè tó ti sán.

Bí ẹ bá bu omi sí i tán, ẹ ṣíná sí i láìdé fìlà, kí afẹ́fẹ́ tó há sínú rẹ̀ lè jáde, kí ẹ sì máa bu omi kún un bó ti ń lọ sílẹ̀. Ẹ dé e kí ó tó gbóná. Lẹ́yìn náà, ẹ má tíì kó ẹrù sí i. Ẹ kọ́kọ́ wà á lófìfo wọ inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, kí ẹ tún gbé e gun afárá kan tàbí òkè kan. Ẹ wo àago rẹ̀.

OMI TÍ Ẹ Ó LÒ

Omi kànga wa, pàápàá ní etí ọ̀sà àti etí òkun, máa ń ní iyọ̀ nínú. Ohun tó ń ṣe ìdí kẹ́tù tí funfun fi ń lẹ̀ mọ́ ọn, òun náà ló ń ṣe inú rádíétọ̀. Ẹ lo kúláàntì tó bá ọkọ̀ yín mu. Bó bá jẹ́ ògidì, ẹ fi omi tí wọ́n ń bù sí bátìrì là á, ìdajì sí ìdajì. Kúláàntì kì í jẹ́ kí ìpata tètè dé, ó sì tún ń sún ìgbà tí omi yóò hó síwájú. Ẹ má da oríṣi méjì pọ̀. Ẹ má sì da ata tàbí ẹyin sínú rádíétọ̀ láti dí ibi tó ń jò, bí àwọn kan ti ń ṣe. Ohun tó dí ibi tó ń jò yóò dí ibi tí kò jò pẹ̀lú.

Ẹ ṢỌ́RA! Ọ̀pọ̀ kúláàntì dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n májèlé ni. Èyí tí ẹ bá tú jáde, ẹ má fi í sílẹ̀ nínú abọ́. Ewúrẹ́, ajá, adìyẹ, àní ọmọdé, lè mu ún, ó sì ń pani. Ẹ má tọ́jú rẹ̀ sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò.

BÍ ỌKỌ̀ BÁ HÓ LÓJÚ Ọ̀NÀ

Àpá kan wà ní apá òsì mi láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́. Ìkánjú ló fún mi. Ẹrù wà lórí ọkọ̀, ilẹ̀ ń ṣú, mo ní kí n ṣí fìlà wò. Omi tó ti kọjá ìwọ̀n ìhó tú jáde lójijì. Ìdajì wákàtí tí mo kò fẹ́ dúró, oṣù kan ló gbà lọ́wọ́ mi.

Nítorí náà, bí àago bá ti gòkè, ẹ yà sí ẹ̀gbẹ́ títì, ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ má fọwọ́ kan fìlà. Ẹ dúró, ó kéré tán, fún ìdajì wákàtí, títí ẹ ó fi lè gbé ọwọ́ lé họ́ọ̀sì òkè láìjó yín. Nígbà náà, ẹ fi aṣọ tó nípọn bo fìlà, ẹ yí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì gbé ojú kúrò níbẹ̀. Ẹ má da omi tútù lé ẹ́ńjìnnì gbígbóná, irin rẹ̀ lè sán. Bí omi bá jó ènìyàn, ẹ fi omi tútù tó ń ṣàn sí ojú ibẹ̀ fún 20 ìṣẹ́jú, kí ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ẹ má fi epo pupa, ẹyin tàbí ọṣẹ ìfọyín sí i.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹrù tó bàjẹ́, a ó tún gbìn òmíràn. Ojú tí omi gbígbóná fọ́, níbo la ti fẹ́ gbìn ín? Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ wá ìdí ooru kí ẹ tó ra rádíétọ̀. Ẹ ra èyí tó ṣeé tún ṣe. Ẹ dúró kí ó tutù.

Bí ẹ bá ní ìbéèrè, ẹ bi òṣìṣẹ́ wa tó ń bẹ oko yín wò, yóò bá yín mú un wá.